Ẹ kọ iye mítà sí etí Bíbélì yín

Àwòrán ilẹ̀ tó máa ń wà lẹ́yìn Bíbélì wúlò, àmọ́ pẹlẹbẹ ni. Ó ń jẹ́ ká mọ̀ pé Jẹ́ríkò wà lápá ìlà-oòrùn Jérúsálẹ́mù, kò sọ fún wa pé orí òkè ni ọ̀kan wà, inú kòtò ni èkejì wà. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń ka "ó gòkè lọ" àti "ó sọ̀ kalẹ̀ lọ" bí ẹni ń ka ọ̀rọ̀ ẹ̀yẹ lásán. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀yẹ. Àwọn tó kọ ìwé náà fi ẹsẹ̀ rin ilẹ̀ ọ̀hún, orúnkún wọn ló kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Bí ẹ bá fẹ́ kí ìtàn ogun, ìyàn àti ìrìn àjò inú rẹ̀ yé yín dáadáa, ẹ mú pẹ́ńsù, kí ẹ kọ iye mítà sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ ìlú àti òkè bí ẹ ti ń kà á. Nọ́ḿbà tí kò tó ogún ti tó láti bẹ̀rẹ̀, púpọ̀ nínú wọn sì wà nísàlẹ̀ yìí.

Ká kọ́kọ́ la ilẹ̀ náà já láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn. Jópà wà létí òkun, ibẹ̀ ni òdo wa. Ẹ ó gba pẹ̀tẹ́lẹ̀ kọjá, lẹ́yìn náà ẹ ó kan àwọn òkè kéékèèké, kí ẹ tó gun ẹ̀yìn òkè gbọọrọ tó na láti àríwá dé gúúsù bí eegun ẹ̀yìn. Orí rẹ̀ ni Jérúsálẹ́mù wà, nǹkan bí 750 mítà sókè ojú òkun. Hébúrónì tó wà ní gúúsù ga jù ú lọ, ó tó 930. Láti Jérúsálẹ́mù, ilẹ̀ já sísàlẹ̀ lójijì: Jẹ́ríkò wà ní nǹkan bí 250 mítà nísàlẹ̀ ojú òkun, bẹ́ẹ̀ ọ̀nà tó dé ibẹ̀ kò ju kìlómítà 27 lọ. Etí Òkun Iyọ̀ tún jìn sí i, ó ti tó 430 mítà nísàlẹ̀ báyìí, ó sì ń fà sẹ́yìn ní nǹkan bí mítà kan lọ́dọọdún nítorí pé wọ́n ti ń fa omi Jọ́dánì lò kó tó dé ibẹ̀. Lódìkejì odò, ilẹ̀ tún gòkè padà dé Òkè Nébò, tó ga ní 800 mítà ó lé díẹ̀. Láti Jópà dé Nébò ní tààrà kò tó kìlómítà 100, ó kéré sí ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn. Nínú ìwọ̀n yẹn ni ẹni kan lè ti etí òkun gun òkè, kó wọ ibi tó jìn jù lọ lórí ilẹ̀ ayé, kó sì tún gun òkè mìíràn.

Nítorí náà, ọkùnrin inú Lúùkù 10 tó "ń ti Jérúsálẹ́mù sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Jẹ́ríkò" sọ̀ kalẹ̀ gan-an ni: ẹgbẹ̀rún mítà gbáko, nínú àfonífojì tóóró tó kún fún ihò àpáta, tí kò sí ilé tàbí oko lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ibi tí olè lè lúgọ pọ̀, ibi tí ènìyàn lè sá sí kò sí. Àwọn arìnrìn-àjò tó ń wọ bọ́ọ̀sì gba ọ̀nà yìí lónìí máa ń rí pátákó tí wọ́n kọ ojú òkun sí lẹ́bàá títì, tí etí wọn sì máa ń dí bí ìgbà tí bàálù ń balẹ̀. Kí ẹ má gbàgbé pé lẹ́yìn pátákó yẹn, Jẹ́ríkò ṣì wà nísàlẹ̀ réré. Sáàmù 120 dé 134 tí wọ́n pè ní Orin Ìgòkè, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n rí: ẹni tó bá ti Gálílì wá, tó gba ọ̀nà Jọ́dánì, Jẹ́ríkò ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè, ọjọ́ tó kẹ́yìn ìrìn àjò rẹ̀ ló sì máa ń le jù.

Òjò ni ohun kejì tí ẹ gbọ́dọ̀ kọ sí etí ìwé. Láàárín oṣù kẹwàá sí oṣù kẹrin, afẹ́fẹ́ tó rù omi ń ti orí Òkun Ńlá (Mẹditaréníà) fẹ́ wá. Bó bá ti dé ibi òkè, ó di dandan kó gòkè. Bó ti ń gòkè ló ń tutù, bó ti ń tutù ló ń tú òjò rẹ̀ sílẹ̀. Bó bá wá ré ẹ̀yìn òkè kọjá, tó ń sọ̀ kalẹ̀ sí ìhà Jọ́dánì, ó tún gbóná, ó sì gbẹ. Jérúsálẹ́mù ń rí òjò tó nǹkan bí 550 mìlímítà lọ́dún. Jẹ́ríkò kì í rí ju nǹkan bí 150 lọ. Ohun tó dá aginjù Jùdíà sílẹ̀ nìyẹn, lẹ́yìn ìlú tó ní igi ólífì àti ọgbà àjàrà. Ìdí sì nìyẹn tí Dáfídì, ọmọ Bẹ́tílẹ́hẹ́mù, fi lè fi ilé sílẹ̀ láàárọ̀ kó sì ti wà nínú aginjù kí ilẹ̀ tó ṣú. Kò jìnnà rárá.

Deutarónómì 11:10-11 sọ ọ̀rọ̀ yìí kedere: ilẹ̀ Íjíbítì, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń bomi rin ín bí ọgbà ewébẹ̀, ilẹ̀ òkè àti àfonífojì yìí, òjò ọ̀run ló ń mu. Íjíbítì ní odò tí kì í gbẹ. Orí òkè Jùdíà àti Éfúráímù kò ní odò kankan tó ń ṣàn látọdún dé ọdún. Bí òjò bá kọ̀, kò sí ibòmíràn tí wọ́n lè yíjú sí. Nígbà tí Èlíjà bá dúró níwájú Áhábù tó sọ pé ìrì tàbí òjò kò ní sí, gbogbo ètò ọrọ̀ ajé ìjọba náà ló dì mú lọ́rùn.

Kí ni wọ́n wá ń mu nígbà ẹ̀rùn? Omi òjò tí wọ́n tọ́jú. Òkúta ẹfun ni òkè wọ̀nyí, òkúta náà sì kún fún àlàfo. Omi tó bá rọ̀ sórí rẹ̀ ń rìn wọ inú lọ, ó di ìsàlẹ̀ kó tó jáde bí ìsun. Bí wọ́n bá fẹ́ dá omi dúró lókè, wọn a gbẹ́ kànga sínú òkúta, kí ẹnu rẹ̀ kéré kí oòrùn má baà fà á gbẹ, kí inú rẹ̀ sì gbòòrò bí ìkòkò. Lẹ́yìn èyí ni wọn a fi ẹfun tí wọ́n sun nínú iná rẹ́ ẹ yíká. Wọn a la ojú àgbàrá wá sí i láti orí òrùlé tàbí láti ara òkúta gbalasa. Ibi tí iṣẹ́ yìí ti máa ń bàjẹ́ ni ìrẹ́: bí ilẹ̀ bá mì tìtì, tàbí bí wọ́n bá rẹ́ ẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ó sán, omi á sì máa jò lọ láìsí ẹni tó rí i títí ẹ̀rùn á fi dé. Ẹni tó bá mọ èyí ló mọ bí ọ̀rọ̀ Jeremáyà 2:13 ṣe dun àwọn tó kọ́kọ́ gbọ́ ọ tó: wọ́n fi orísun omi ìyè sílẹ̀, wọ́n lọ gbẹ́ kànga fífọ́ tí kò lè gba omi dúró. Iṣẹ́ oṣù púpọ̀ ló di asán yẹn.

Ilẹ̀ oko náà ní tirẹ̀. Lára òkè tó dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, àgbàrá ọdún kan ṣoṣo lè kó erùpẹ̀ pupa tó wà lórí òkúta lọ. Nítorí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń mọ ògiri òkúta kúkurú yí ara òkè ká ní ìpele-ìpele, láìsí amọ̀ láàárín òkúta, kí omi lè jò kọjá kí erùpẹ̀ sì dúró. Bí òkúta kan bá yẹ̀ tí wọn kò sì tún un ṣe kí òjò tó tún rọ̀, ògiri náà á wó, èyí tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ á sì tẹ̀ lé e. Oko òkè kì í ṣe oko tí ènìyàn ń fi sílẹ̀ lọ́dún méjì. Nígbà tí ẹ̀yà Jósẹ́fù ń ráhùn nínú Jóṣúà 17 pé ilẹ̀ òkè kò tó àwọn, tí Jóṣúà sì ní kí wọ́n lọ ṣán igbó rẹ̀, ẹ ronú nípa gbogbo ògiri yẹn.

Ẹ wá wo Jérúsálẹ́mù fúnra rẹ̀. Orin ti jẹ́ kí gbogbo ènìyàn rò pé Síónì ni òkè tó ga jù lágbègbè náà. Rárá o. Ibi tí tẹ́ńpìlì wà ga ní nǹkan bí 740 mítà, ìlú Dáfídì tó wà ní gúúsù rẹ̀ tún kéré sí i. Òkè Ólífì tó wà ní ìlà-oòrùn ju 800 lọ. Ẹni tó bá dúró lórí rẹ̀, ńṣe ló ń wo àgbàlá tẹ́ńpìlì láti òkè. Sáàmù 125:2 sọ òtítọ́ náà fúnra rẹ̀: òkè ló yí Jérúsálẹ́mù ká. Kí ló dé tí wọ́n fi tẹ ìlú sórí èyí tó rẹlẹ̀? Omi ni. Ìsun Gíhónì wà ní ẹsẹ̀ rẹ̀, kò sì sí irú rẹ̀ lórí àwọn tó ga jù ú lọ. Àfonífojì Kídírónì dáàbò bò ó ní ìlà-oòrùn, Hínómù ní gúúsù àti ìwọ̀-oòrùn.

Àríwá ni àìlera rẹ̀ wà, nítorí ibẹ̀ ni ilẹ̀ ti so mọ́ òkè tó ga jù ú lọ láìsí àfonífojì kan láàárín. Ibẹ̀ náà ni Titus àti àwọn ọmọ ogun Róòmù gbà wọlé lọ́dún 70. Àìlera kejì ni pé ẹnu ìsun náà wà lẹ́yìn odi. Ohun tí Hesekáyà ṣe sí èyí wà nínú 2 Àwọn Ọba 20:20: ó gbẹ́ ihò sábẹ́ ilẹ̀, ó darí omi wọ ìlú. Ihò náà ṣì wà, mítà 533 ni gígùn rẹ̀, àwọn arìnrìn-àjò ń fi ẹsẹ̀ rin inú omi rẹ̀ títí dòní. Ẹgbẹ́ méjì ló gbẹ́ ẹ, ọ̀kan láti apá kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì pàdé láàárín; àkọlé tí wọ́n kọ sára ògiri rẹ̀ nípa ìpàdé náà ni wọ́n rí lọ́dún 1880. Ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú orúkọ ṣá o: òkè tí wọ́n ń pè ní Síónì fún àwọn arìnrìn-àjò lónìí ni ti ìwọ̀-oòrùn, kì í ṣe èyí tí Dáfídì gbà lọ́wọ́ àwọn ará Jébúsì.

Ogun ló tún ń fi hàn pé òkè kì í ṣe ọ̀ṣọ́ nínú ìtàn. Àwọn Onídàájọ́ 1:19 sọ pé Júdà gba ilẹ̀ òkè, ṣùgbọ́n kò lè lé àwọn ará àfonífojì jáde nítorí wọ́n ní kẹ̀kẹ́ irin. Kẹ̀kẹ́ ogun nílò ilẹ̀ tó tẹ́jú tó sì gbẹ. Lórí òkúta, àgbá rẹ̀ á ṣẹ́. Nínú ẹrẹ̀, á rì. Ẹ fi ìlànà kékeré yìí ka ìtàn Dẹ̀bórà. Tábórì jẹ́ òkè kan ṣoṣo tó dá dúró, tó rí róbótó, kò tó 600 mítà, ṣùgbọ́n ó ju 400 lọ sókè pẹ̀tẹ́lẹ̀ tó yí i ká. Bárákì kó ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ọkùnrin sórí rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ irin Sísérà, 900, kò lè gùn ún; bẹ́ẹ̀ náà ni kò lè fi í sílẹ̀ lọ, nítorí ẹni tó wà lókè ń rí gbogbo ohun tó ń lọ nísàlẹ̀. Ilẹ̀ pẹ̀tẹ́lẹ̀ Jésírẹ́lì jẹ́ amọ̀ dúdú tó wúwo, omi kì í tètè fà níbẹ̀. Bí òjò bá rọ̀, odò Kíṣónì tí ọmọdé lè fò kọjá nígbà ẹ̀rùn á kún bo bèbè. Orin Dẹ̀bórà ní orí 5 sọ pé ìkùukùu kán omi sílẹ̀, Kíṣónì sì gbá wọn lọ. Sísérà bọ́ sílẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ sá. Ọ̀gágun tó fi ohun ìjà tó dára jù sílẹ̀ lójú ogun, ẹrẹ̀ ló mú un.

Létí pẹ̀tẹ́lẹ̀ yìí kan náà ni Sọ́ọ̀lù kú sí. Ẹ ya òkè méjì tó dojú kọra: Mórè ní àríwá, Gílíbóà ní gúúsù, méjèèjì ní nǹkan bí 500 mítà, àfonífojì Háródù sì wà láàárín. Àwọn Filísínì pàgọ́ sí Ṣúnẹ́mù, ní ẹsẹ̀ Mórè lápá gúúsù. Sọ́ọ̀lù wà ní Gílíbóà. Ẹ́ńdórì, níbi tí obìnrin abókùúsọ̀rọ̀ ń gbé, wà lẹ́yìn Mórè lápá àríwá. Ìyẹn ni pé kí Sọ́ọ̀lù tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ní láti la àfonífojì kọjá lóru, kó yí gba ìlà-oòrùn lẹ́yìn àgọ́ ọ̀tá, kó sì tún gba ibẹ̀ padà kí ilẹ̀ tó mọ́. Ìdí tó fi pa aṣọ dà nìyẹn, kì í ṣe nítorí obìnrin náà nìkan. 1 Sámúẹ́lì 28:20 sì sọ pé kò jẹun ní gbogbo ọ̀sán àti òru yẹn. Lọ́jọ́ kejì, òkè tó yẹ kó dáàbò bò ó kò dáàbò bò ó tó: apá àríwá àti ìlà-oòrùn Gílíbóà dá gánrangànran, àmọ́ apá ìwọ̀-oòrùn rẹ̀ ń rọra dà sọ́dọ̀ Jésírẹ́lì, ẹṣin sì lè gbabẹ̀. 2 Sámúẹ́lì 1:6 sọ pé kẹ̀kẹ́ àti ẹlẹ́ṣin lé e bá lórí òkè.

Ní ti Dáfídì àti Gòláyátì, 1 Sámúẹ́lì 17:3 ti sọ gbogbo rẹ̀: ogun kan lórí òkè níhìn-ín, èkejì lórí òkè lọ́hùn-ún, àfonífojì Élà láàárín. Ẹgbẹ́ tó bá kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ ni yóò gun òkè lọ bá ọ̀kọ̀ àti òkúta èkejì. Kò sí ẹni tó fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀, ni wọ́n fi ogójì ọjọ́ pariwo síra wọn. Fífi akọni kan jà fún gbogbo ènìyàn ni ọ̀nà àbáyọ tó kù.

Gérísímù àti Ébálì ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ wò jù lọ, nítorí oníwàásù púpọ̀ ló ń ṣì í. Gérísímù wà ní gúúsù, 881 mítà. Ébálì wà ní àríwá, 940. Ṣẹ́kẹ́mù wà láàárín wọn, nínú àfonífojì tó jẹ́ pé ibi tó fún jù níbẹ̀ kò tó kìlómítà kan. Deutarónómì 27 pín ẹ̀yà méjìlá sí méjì: Síméónì, Léfì, Júdà, Ísákárì, Jósẹ́fù àti Bẹ́ńjámínì sí ìhà ìbùkún ní Gérísímù, Rúbẹ́nì, Gádì, Áṣérì, Sébúlúnì, Dánì àti Náfútálì sí ìhà ègún ní Ébálì. Àwòrán tí wọ́n máa ń yà ni pé ẹ̀yà mẹ́fà wà lórí ṣóńṣó òkè kan, mẹ́fà lórí èkejì, tí wọ́n ń ké "Àmín" síra wọn. Láti ṣóńṣó sí ṣóńṣó jìn jù fún ìyẹn. Jóṣúà 8:33 tún un ṣe fún wa: ìdajì wọn kọjú sí Gérísímù, ìdajì kọjú sí Ébálì, àpótí ẹ̀rí sì wà láàárín. Ẹsẹ̀ òkè ni wọ́n dúró sí. Níbẹ̀, àfonífojì fún, òkè méjèèjì tó ga ju 300 mítà lọ sì ń dá ohùn padà, ohùn àwọn ọmọ Léfì lè dé etí gbogbo wọn. Jótámù náà mọ èyí nígbà tó dúró lórí Gérísímù tó pa òwe igi fún àwọn ará Ṣẹ́kẹ́mù nínú Àwọn Onídàájọ́ 9. Ó ga tó kí wọ́n gbọ́ ọ, ó ga tó kó sá lọ kí wọ́n tó gùn ún dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Kí ló dé tí ìbùkún fi jẹ́ ti Gérísímù, tí ègún jẹ́ ti Ébálì? Bíbélì kò sọ ìdí, ṣùgbọ́n ẹni tó bá dúró ní Ṣẹ́kẹ́mù á rí ìyàtọ̀. Apá Gérísímù tó kọjú sí ìlú, àríwá ló kọjú sí, òjìji pọ̀ níbẹ̀, ìsun omi sì ń jáde ní ẹsẹ̀ rẹ̀. Apá Ébálì tó kọjú sí ìlú, oòrùn ọ̀sán ló ń gbà sára, ó sì gbẹ jù. Ní Ébálì gan-an ni wọ́n ní kí wọ́n mọ pẹpẹ sí, ní ìhà ègún, èyí tí àwọn ènìyàn sábà máa ń fò. Láàárín ọdún 1982 sí 1989, awalẹ̀pìtàn Adam Zertal wú ilé òkúta kan jáde lórí òkè náà, pẹ̀lú eérú àti egungun ẹran nínú rẹ̀. Ó ní pẹpẹ Jóṣúà ni, àwọn awalẹ̀pìtàn mìíràn kò gbà. Mo rò pé kí ẹ má fi ìgbàgbọ́ yín lé e lórí. Ní ti Gérísímù, àwọn ará Samáríà ṣì wà níbẹ̀, wọn kò tó ẹgbẹ̀rún kan, wọ́n sì ṣì ń pa àgùntàn Ìrékọjá lórí òkè náà lọ́dọọdún. Kànga Jékọ́bù wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí obìnrin ará Samáríà sọ pé "Àwọn baba wa sìn lórí òkè yìí," òkè náà wà lójú rẹ̀, ó lè na ìka sí i.

Ní àríwá pátápátá ni Hérmónì wà, 2,814 mítà, òjò dídì sì máa ń bo orí rẹ̀ nígbà òtútù. Deutarónómì 3:9 fún un ní orúkọ méjì sí i: Síríónì lẹ́nu àwọn ará Sídónì, Sénírì lẹ́nu àwọn Ámórì. Ẹ má ka orúkọ mẹ́ta sí òkè mẹ́ta. Òun náà jẹ́ òkúta ẹfun: òjò dídì rẹ̀ ń yọ́ wọ inú òkúta, ó sì ń jáde ní ẹsẹ̀ òkè, ní Dánì àti ní Kesaréà Fílípì, láti di Jọ́dánì. Bí Hérmónì kò bá rí òjò, Òkun Gálílì á fà. Ìrì Hérmónì inú Sáàmù 133 tó sọ̀ kalẹ̀ sórí òkè Síónì kì í ṣe ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ ní tààrà. Ó lé ní kìlómítà 150 láàárín wọn. Akéwì ń fi ibi tí omi pọ̀ jù lọ bù kún ibi tí ẹ̀rùn ti ń mú ni.

Lẹ́bánónì tún ga jù ú, ṣóńṣó rẹ̀ ju 3,000 mítà lọ. Kédárì tí Sólómọ́nì fẹ́, òkè tó tutù ló ń hù sí, kò sí irú rẹ̀ ní Jùdíà. Iṣẹ́ tó wà nínú 1 Àwọn Ọba 5 àti 2 Kíróníkà 2 yẹ kí ẹ fi ojú oníṣẹ́ igi wò. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà 30 ọkùnrin ni wọ́n pín sí mẹ́ta: ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá lo oṣù kan lókè, oṣù méjì nílé. Wọ́n gé igi, wọ́n wọ́ ọ sọ̀ kalẹ̀ sí etí òkun. Ìyẹn ni apá tó rọrùn, òkè ń ràn wọ́n lọ́wọ́. Wọ́n dì í pọ̀ kó léfòó, wọ́n fi omi gbé e lọ sí Jópà. Láti Jópà ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀: nǹkan bí kìlómítà 60, 750 mítà sókè, pẹ̀lú igi tó wúwo. Ẹnikẹ́ni tó bá ti wọ́ gẹdú gun òkè rí mọ̀ pé ìparí ọ̀nà yẹn ló gba agbára jù.

Àṣìṣe orúkọ ń pọ̀ lórí pẹpẹ ìwàásù, mo sì fẹ́ ká yára yanjú díẹ̀. Kámẹ́lì méjì ló wà. Ti Èlíjà ni òkè gbọọrọ tó yọrí sí òkun ní àríwá, tó ga dé 546 mítà, tí ìkùukùu òkun ń kọ́kọ́ kàn. Èyí ló fi bọ́gbọ́n mu pé ibẹ̀ ni Èlíjà ti dúró de òjò. Ti Nábálì àti Ábígẹ́lì jẹ́ ìlú kan ní gúúsù Hébúrónì, létí aginjù. Òkè Hórì náà méjì ni: èyí tí Áárónì kú sí nítòsí Édómù, àti èyí tó jẹ́ ààlà àríwá nínú Númérì 34. Hórébù àti Sínáì, ọ̀kan náà ni. Òkè Éfúráímù kì í ṣe òkè kan, agbègbè òkè ni. Òkè ìpaláradà kò ní orúkọ nínú ìhìnrere kankan. Tábórì ni àṣà ìjọ ti mú láti ọ̀rúndún kẹrin, ṣùgbọ́n Mátíù 16 fi Jésù sí Kesaréà Fílípì ní ẹsẹ̀ Hérmónì kí ìtàn náà tó bẹ̀rẹ̀, èmi sì rò pé Hérmónì ní ẹjọ́ tó lágbára.

Fún àwọn tó fẹ́ gun èyí tí wọ́n ń pè ní Òkè Mósè ní Sínáì: 2,285 mítà ni, akọ òkúta ni, ilé àwọn mọ́ńkì Katarínà Mímọ́ tí Ọba Justinian kọ́ ní ọ̀rúndún kẹfà sì wà ní ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹ ó gun nǹkan bí 700 mítà. Ọ̀nà méjì ló wà: ọ̀nà ràkúnmí tó yí ká, àti àtẹ̀gùn òkúta tó tó 3,750, 750 tó kẹ́yìn, kò sí ẹni tó lè yẹ̀ ẹ́. Wákàtí méjì sí mẹ́ta ni fún ẹni tára rẹ̀ le. Wọ́n máa ń bẹ̀rẹ̀ lóru kí oòrùn lè yọ bá wọn lókè, olùtọ́nà ará ìlú sì gbọ́dọ̀ wà pẹ̀lú wọn. Aṣọ ni ọ̀pọ̀ ń ṣì. Wọ́n á wọ kóòtù láti ìsàlẹ̀, wọ́n á làágùn, òógùn yẹn á sì tutù mọ́ wọn lára bí wọ́n bá dúró lórí òkè, níbi tí ó lè tutù ju òdo lọ nígbà òtútù. Ẹ fi aṣọ tó nípọn sínú àpò, ẹ wọ̀ ọ́ lókè. Omi lítà méjì, iná àtọwọ́, bàtà tó dì mọ́ ẹsẹ̀, kì í ṣe sálúbàtà. Bí orúnkún yín kò bá dára, ẹ má gba àtẹ̀gùn sọ̀ kalẹ̀. Sísọ̀ kalẹ̀ ló ń pa orúnkún ju gígùn lọ. Ẹ gba ọ̀nà ràkúnmí.

Nébò kò nílò gígùn, ọkọ̀ ń dé orí rẹ̀. Àkókò ni kí ẹ yàn. Nígbà ẹ̀rùn, ooru àti eruku máa ń bo Jọ́dánì, ẹ ò ní rí ju Jẹ́ríkò lọ. Ọjọ́ kejì òjò, láàárín oṣù kejìlá sí oṣù kẹta, ẹ lè rí àwọn ilé gogoro orí Òkè Ólífì, kò tó kìlómítà 50. Ẹ ò ní rí òkun ìwọ̀-oòrùn tí Deutarónómì 34:2 dárúkọ, ẹ̀yìn òkè Jùdíà dí i, bẹ́ẹ̀ ni Dánì ju kìlómítà 150 lọ. Ẹsẹ̀ kìíní kò sọ pé Mósè fi ojú ara rẹ̀ nìkan rí i: OLÚWA ló fi hàn án. Ẹ dé ibẹ̀ ní òwúrọ̀, nígbà tí oòrùn wà lẹ́yìn yín. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, oòrùn á ti wà níwájú yín, àwọn òkè Jùdíà á sì rí bí òjìji lásán.